Kọ̀ǹpútà Tí Ọmọ Fojú Rí: Ìrírí Mi Nídìí Iṣẹ́ Olùkọ́ Ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Bí ẹ bá wọ kíláàsì SS1 láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí ẹ ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́, ọwọ́ á nà sókè káàkiri. Wọ́n á kà á láì mí: ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó ń gba dátà wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń gbé èsì jáde. Wọ́n gbà á, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi ọmọ kan náà pé, "Fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ ńkọ́, ṣé kọ̀ǹpútà ni?" Á wo ojú yín, á wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, "Rárá, mà. Fóònù ni."

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ìjùmú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Yàgbà ni mo wà báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà pọ̀ sí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, iná ọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Síbẹ̀, kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró jù. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé orúkọ ni a ń kọ́kọ́ kó fún wọn: hardware, software, input, output, RAM, ROM. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́ nínú ìdánwò, bó bá di ọ̀la, wọ́n á ti gbàgbé. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì ń bá gbogbo olùkọ́ tó bá fẹ́ gbọ́ sọ, ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ rí iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Bó bá ti rí i, orúkọ rẹ̀ kò ní ṣòro fún un mọ́.

POS ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọjà kan ní agbègbè wa báyìí tí oníPOS kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo máa ń rán àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n kí onítọ̀hún dáadáa, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ tẹ PIN, kí wọ́n yí ojú sẹ́yìn. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí gan-an, nítorí ẹ̀kọ́ ààbò àkọ́kọ́ nìyẹn: PIN ẹlòmíì kì í ṣe ohun tí à ń wò. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kọ ohun tó wọ inú ẹ̀rọ náà, ohun tó jáde, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ohun tó wọlé máa ń yé wọn: káàdì, iye owó, PIN. Ohun tó jáde náà yé wọn: ọ̀rọ̀ tó hàn lójú ẹ̀rọ, àti ríséètì. Àárín ló máa ń ṣòro. Ọ̀pọ̀ á kọ pé "ẹ̀rọ ń ronú." Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ní JSS3 kọ tiẹ̀ báyìí: "Ẹ̀rọ náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ibòmíì, ó wá dúró de èsì." Mo ka gbólóhùn yẹn sí etí gbogbo kíláàsì. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ POS tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló ń fi ránṣẹ́ gba orí nẹ́tíwọ̀kì lọ sí báńkì tó ni káàdì náà. Kọ̀ǹpútà báńkì ló ń yẹ àkáǹtì wò, òun ló ń dáhùn pé ó gbà tàbí kò gbà. Ìdí nìyẹn tí owó fi lè kúrò nínú àkáǹtì kí oníbàárà má sì rí owó gbà. Ìbéèrè ti dé ọ̀hún, iṣẹ́ ti ṣe, nẹ́tíwọ̀kì wá já kí èsì tó padà dé. Àwọn ọmọ ti rí èyí tí àwọn àgbà ń jà nítorí rẹ̀ lójú ọjà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tó fà á fún wọn rí.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń sọ orúkọ. Ohun tó wọlé ni input, iṣẹ́ tó wà láàárín ni processing, ohun tó jáde ni output. Kọ̀ǹpútà tó ń béèrè ni client, èyí tó ń dáhùn ni server. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka kọ̀ǹpútà tó yí wọn ká fúnra wọn: POS, fóònù, ATM, dekódà tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó sọ pé fóònù kì í ṣe kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìṣáájú ni yóò máa ṣàlàyé fún àwọn tó kù.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló bá mi ṣàlàyé RAM. Desktop ni àwọn ẹ̀rọ tí a ní nígbà náà, kò sí UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ, lábẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn ọmọ SS2 ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ nínú Notepad, ìka kan, ìka kan, ọmọbìnrin kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ tiẹ̀ tán. Iná lọ. Ariwo sọ. Nígbà tí iná padà dé, tí a tan gbogbo ẹ̀rọ, àwọn méjì péré ló rí iṣẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n ti tẹ Ctrl pẹ̀lú S láti sééfù rẹ̀ kí iná tó lọ. Ojú ewé funfun ni àwọn yòókù bá. Ọmọbìnrin yẹn fẹ́ sunkún. Ó ní, "Mà, mo rí i níbí! Gbogbo yín náà rí i! Níbo ló lọ?"

Mi ò rò pé ìbéèrè tó dára ju ìyẹn lọ wà nínú gbogbo ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo wa rí i. Inú RAM ló wà. RAM dà bí pátákó ìkọ̀wé tó wà níwájú kíláàsì: orí rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ, gbogbo ojú ló ń wò ó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá nu ún, kò sí ohun tó kù àfi ohun tí ẹnìkan ti dà kọ sínú ìwé rẹ̀. Hard disk ni ìwé. Sééfù ni kéèyàn da ohun tó wà lórí pátákó kọ sínú ìwé.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Nínú RAM, bíìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òdo kan tàbí ọ̀kan, jẹ́ ìwọ̀nba iná kíún tí wọ́n tọ́jú sínú kapasítọ̀ kékeré kan. Iná yẹn ń jò. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa kà á, kó sì máa tún un fi sí i, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó má bàa tán. Bí iná bá ti kúrò, kò sí ẹni tí yóò tún un fi sí i mọ́, ó parí. Hard disk kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára òòfà ló fi ń tọ́jú tiẹ̀ sórí àwo tó ń yí, òòfà kì í sì í kúrò nítorí pé iná lọ. Flash àti káàdì memory inú fóònù ń há iná mọ́ ibi tí kò ti lè tètè jò, ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi ń wà nínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ọmọ kan wá béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò kúkú fi hard disk ṣe gbogbo iṣẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni ìyára. RAM yára ju hard disk lọ fíìfíì, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò sì lè máa dúró de àwo tó ń yí kó tó ṣírò nǹkan. Nítorí náà ni méjèèjì ṣe wà. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò nílé pẹ̀lú. Bí fóònù bá ní RAM 4 GB àti àyè ìtọ́jú 64 GB, tí ó wá kọ ọ́ síwájú rẹ pé àyè ti tán, kì í ṣe RAM ló tán. 64 GB yẹn ló kún, fọ́tò àti fídíò WhatsApp ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Àwọn òbí ti wá bá mi pé wọ́n fẹ́ ra fóònù tuntun nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n kàn nu fídíò ìsìnkú àti ìgbéyàwó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni.

MB àti GB, àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n kí n tó dé, nítorí wọ́n ń ra dátà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. GB kan jẹ́ MB 1,024 bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, MB kan jẹ́ KB 1,024, KB kan jẹ́ báìtì 1,024, báìtì kan sì jẹ́ bíìtì 8. Bí mo bá kọ èyí sórí pátákó, ojú wọn á ṣú. Nítorí náà a máa ń jáde sí abẹ́ igi.

Mo máa ń to ọmọ mẹ́jọ sórí ìlà, ọmọ kan fún bíìtì kan. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún pátápátá ní nọ́ńbà 1, èyí tó tẹ̀lé e ní 2, lẹ́yìn náà 4, 8, 16, 32, 64, títí dé 128. Ẹni tó bá dìde, nọ́ńbà rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá jókòó, tiẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo á ní, "Ẹ fún mi ní 5!" Ẹni 4 àti ẹni 1 á dìde. "Ẹ fún mi ní 65!" Wọ́n á máa wo ara wọn, lẹ́yìn náà ẹni 64 àti ẹni 1 á fò dìde. Mo á wá sọ fún wọn pé lẹ́tà A ni wọ́n kọ yẹn, nítorí 65 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ A, ẹni méjì dìde, ẹni mẹ́fà jókòó: 01000001. Bí gbogbo wọn bá dìde, 255 ni. Bí gbogbo wọn bá jókòó, òdo ni. Oríṣi ìdúró tó wà lápapọ̀ jẹ́ 256, kò lè lé, kò lè dín.

Bí a bá ti dé 256, mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, mo á sì bi wọ́n ibi tí wọ́n ti gbọ́ nọ́ńbà yẹn rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Odù Ifá." Òun náà ni. Odù Ifá jẹ́ 256. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ló wà, mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún sì jẹ́ 256. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ mẹ́jọ orí ìlà. Odù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́rin, àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Mẹ́rin àti mẹ́rin jẹ́ mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ Ogbè jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Ti Ọ̀yẹ̀kú jẹ́ méjì, méjì, méjì, méjì. Ti Ìwòrì jẹ́ méjì, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, ti Òdí sì yí i padà: ọ̀kan, méjì, méjì, ọ̀kan. Odù kan, báìtì kan.

Bàbá kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn, ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo ń kọ́ ọmọ òun ní Ifá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fún un ní àga. Ọmọ ìjọ ECWA ni èmi náà, mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdáfá. Mo ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi àmì mẹ́jọ hàn án, mo ní kí ó bá mi ṣírò rẹ̀: méjì lọ́nà méjì, títí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ó ṣe é lórí ìwé pẹ̀lú bírò rẹ̀, ó dé 256, ó tún un ṣe. Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa kọ́ ọ lọ." Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú Ifá ni kọ̀ǹpútà ti jáde, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Leibniz, ará Jámánì, ló gbé ìwé jáde lórí ìṣirò oní-òdo-àti-ọ̀kan ní 1703, Claude Shannon ní Amẹ́ríkà ló sì fi hàn ní 1937 pé súìṣì iná lè ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ Yorùbá má rò pé ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí ọpọlọ àwọn baba rẹ̀. Ìrònú tó wà nínú báìtì ti wà nílé wa tipẹ́, àwọn àgbà sì ń há gbogbo 256 rẹ̀ sórí pẹ̀lú ẹsẹ Ifá tó tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti orí lẹ́tà A, àwọn ọmọ máa ń béèrè nípa Ẹ àti Ọ. Ó yẹ kí wọ́n béèrè. ASCII, ètò àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, àyè 128 péré ló ní, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Unicode, ètò tó wà fún lẹ́tà èdè gbogbo ayé, ló wá fún wọn ní nọ́ńbà tiwọn: ẹ jẹ́ 7865, ọ jẹ́ 7885, ṣ jẹ́ 7779. Ọmọ mẹ́jọ orí ìlà kò lè gbé 7865, nítorí náà báìtì mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ nínú UTF-8 tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ọmọ": báìtì 7 ni. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, báìtì 3 ni. SMS náà ń jẹ́ kí wọ́n rí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba àmì 160 bó bá jẹ́ lẹ́tà lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹyọ ẹ kan péré sínú rẹ̀, yóò já wálẹ̀ sí 70, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan lè di méjì, owó méjì sì ni. Ìyẹn kò ní kí a má kọ èdè wa dáadáa. Kí wọ́n kàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti ṣe jáde lọ́wọ́ mi, inú káṣú ló ti wá. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé Kogi mọ ohun tí káṣú jẹ́ fún wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọbìnrin kan wà ní SS2, ìyá rẹ̀ máa ń ra káṣú jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ: ọjọ́, orúkọ, iye kìlógíráàmù. Nígbà tí a dé orí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń to nọ́ńbà sínú àpótí rẹ̀ kó lè bá wa ṣírò wọn, ọmọ náà béèrè bóyá òun lè fi ìwé ìyá òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá òun. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà-ìlà, ó kọ SUM, àṣẹ tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, sí ìsàlẹ̀, ó gbé èsì lọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní kò pé. Kìlógíráàmù 50 ló sọnù. Ìyá yìí kò jókòó ní kíláàsì kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n ó mọ káṣú rẹ̀.

Ọmọ náà gbé e padà wá. Ó ní ẹ̀rọ kò lè ṣìṣe, mo sì ní ìyá rẹ náà kò ṣìṣe, jẹ́ kí a wò ó. A lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, 50 yẹn gan-an wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Mà, kí ló dé tí eléyìí lọ fara ti apá òsì?" Gbogbo nọ́ńbà yòókù fara ti apá ọ̀tún àpótí wọn, 50 nìkan ló wà lápá òsì. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ kí a rí i dáadáa. Lẹ́tà O ló tẹ̀ dípò òdo. Lójú èèyàn, 50 ni. Lójú Excel, ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nọ́ńbà. Excel máa ń to ọ̀rọ̀ sí apá òsì, a máa to nọ́ńbà sí apá ọ̀tún. SUM kì í sì í ka ọ̀rọ̀, a fò ó kọjá láì pariwo.

Bí mo bá fi oṣù kan ṣàlàyé pé oríṣi dátà yàtọ̀ síra, pé ọ̀rọ̀ wà, nọ́ńbà wà, ọjọ́ wà, kò lè wọlé bí kìlógíráàmù 50 yẹn ṣe wọlé. Ọmọ náà rí i pé ohun tí a sọ fún kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, kì í ṣe ohun tí a ní lọ́kàn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n fi ìwé tó wà nílé wọn ṣe àṣetiléwá Excel: ìwé àjọ, ìwé ọjà, ìwé owó ilé-ìjọsìn bí wọ́n bá gbà wọ́n láàyè. Ẹni tó mọ iye tó yẹ kó jáde ló máa ń tètè mọ̀ bí iṣẹ́ bá wọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń kọ́ kẹ́yìn, nítorí àwọn ọmọ gbà pé inú afẹ́fẹ́ ló wà. Wọ́n rí òpó másìtì, wọ́n gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn okùn abẹ́ òkun tó bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire ló fà á: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Mo ya máàpù sórí pátákó. Láti orí fóònù dé másìtì ló gba inú afẹ́fẹ́, nígbà mìíràn láti másìtì kan sí èkejì pẹ̀lú. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ń wọ okùn lọ sí Èkó, ó sì ń bọ́ sínú òkun lọ sí òkè òkun, nínú gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé e. Ẹnu yà wọ́n pé ohun tó já lábẹ́ òkun ní Abidjan lè dí WhatsApp lọ́wọ́ ní Mọ̀pà.

Ti fáírọ́ọ̀sì kò gùn. Flash tí wọ́n bá gbé dé láti ibi tí wọ́n ti lọ tẹ̀wé, tí gbogbo fódà inú rẹ̀ ti di shortcut, kí wọ́n má tẹ shortcut náà, kí wọ́n má sì tètè fọ flash náà dànù. Nínú irú fáírọ́ọ̀sì yẹn, fáìlì kò lọ, wọ́n fi í pamọ́ ni. Kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ní antivirus tó bágbà mu. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ poli tó padà bọ́ sípò lọ́nà yìí lẹ́yìn tó ti sunkún tán.

Àwọn SS3 ló kù, JAMB ló sì wà lọ́kàn wọn. Láti 2015 ni UTME, ìdánwò JAMB, ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá, WAEC náà sì ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò àdáni ní 2024. Àwọn ọmọ wa ń gbéra láti abúlé lọ sí ibi ìdánwò ní ìlú ńlá, ibẹ̀ ni àwọn kan sì ti ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ọ̀nà tí yóò fi darí mouse ti pàdánù ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí ọmọ fọwọ́ kan mouse rárá. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré lórí kíbọ́ọ̀dù ti tó fún gbogbo ìdánwò náà: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi í sílẹ̀, R láti padà bí èèyàn bá tẹ S tí kò tíì ṣetán. Mo máa ń kọ́ wọn ní èyí pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí kò so mọ́ ẹ̀rọ kankan. Ọmọ kan á di kíbọ́ọ̀dù mú lórí itan, ẹnìkejì á máa ka ìbéèrè àtijọ́ sí i létí, ẹ̀kẹta á máa wo ìka rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é léraléra, ìka á mọ ibi tí N wà láìwò. Kíbọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú ṣì wúlò fún èyí. Bí irú rẹ̀ bá wà ní ilé yín tàbí ní ọ́fíìsì yín, ní Kàbbà, ní Ìsánlú, ní Bùnú, tàbí ní Lọ́kọ́ja, tí eku fẹ́ jẹ okùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó bá súnmọ́ yín kí oṣù ìdánwò tó dé.